Ìyẹ̀rẹ̀ Lẹ́nu Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Ẹlẹ́rìí?



Iṣẹ́ kan tẹ̀ wá lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ìyẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu awo, ó fi àmì orin kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ní kí ẹ̀rọ sun ún fún wa gbọ́. A yìn ín. Ó mọ̀ pé ohùn awo kì í tẹ̀lé bọ́tìnnì dùùrù: a máa bọ́ sí àárín bọ́tìnnì méjì, a sì máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi lo pitch bend, àṣẹ tí ń fa ohùn sókè tàbí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àṣẹ náà wò. Nínú ìlànà MIDI tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ó ní ipò 16,384. Ní 8,192 ni ohùn ti dúró láìyẹ̀. Láti bọ́tìnnì dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, funfun àti dúdú, jẹ́ 100 sẹ́ǹtì. Bí wọ́n ti sábà ń ṣètò rẹ̀, àṣẹ yìí lè fa ohùn ní 200 sẹ́ǹtì sókè, 200 wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ 50 sókè yóò kọ 10,240.

Àléébù kìíní: bí ẹ̀rọ tí yóò kọrin bá wà lórí 1,200 dípò 200, 50 yẹn di 300. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o! Ẹ̀rọ kò pe ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ dùndún rí mọ̀ pé ohùn nìkan tó sọ̀rọ̀. Ohùn tó bá yẹ̀ lè sọ ọkọ́ di ọkọ̀.

Èkejì ló dùn wá jù. Àṣẹ yìí kì í mú ohùn kan ṣoṣo. Gbogbo ohùn tó wà lójú ọ̀nà kan náà ló ń fà pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kó awo àti elégbè sójú ọ̀nà kan. Bí awo ti yọ ohùn wálẹ̀ báyìí, "hin" elégbè náà bá a yọ̀ wálẹ̀. Háà! Elégbè kẹ̀? Ṣebí òun ni ẹlẹ́rìí. Bí awo bá sọ ọ́ re, wọ́n á ní "hin". Bó bá ṣì í, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹlẹ́rìí tó ń tẹ̀ síbi tí olùsọ̀rọ̀ bá tẹ̀ sí, ẹlẹ́rìí wo nìyẹn?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ojú ọ̀nà 16 ló wà: kí ó fi awo sí ọ̀kan, elégbè sí òmíràn. Kí ó kọ ìwọ̀n fífà náà síbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àṣẹ ṣáájú ohùn, kí ó sì dá a padà sí 8,192 lẹ́yìn rẹ̀. MIDI 2.0 tó jáde ní 2020 fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní fífà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò àmì orin ló ti ń lò ó.

A kò ní kó jáwọ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí ó gbé e padà tọ awo tó sun ún lọ, kí baba fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kí àwọn ọmọdé tó máa fi kọ́ ìyẹ̀rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.