Owó Ẹyọ Mẹ́fà

Láyé àtijọ́, ẹni tí ońṣẹ́ bá kó owó ẹyọ mẹ́fà fún kò ní sáré gba ọjà lọ. Ohun tí owó náà lè rà kò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe sín in ni iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i.

Ẹni tó ń di àrokò, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi nǹkan rán dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, á kọ́kọ́ ṣa owó ẹyọ tí kò là, tí kò sán. Á lu ẹ̀yìn wọn tó yọ gọnbu títí á fi dá ihò tí òwú lè gbà kọjá. Kò ní fọwọ́ kan ojú wọn, níbi tí eyín wínníwínní to sí lọ́tùn-ún lósì, nítorí ojú yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti jẹ́.

Ó kan iye. Ẹ̀fà ló mú, torí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí. Ká ní ẹ̀ta ló mú ni, ó ta onítọ̀hún nù nìyẹn. Nítorí náà, kókó tó ń ta nídìí òwú gbọ́dọ̀ le dáadáa: bí ẹyọ kan bá já bọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa délé.

Lẹ́yìn náà ló ń yí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi kọjú síra wọn. Bí méjì bá kọ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ìka ló fi ń yí wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì fa òwú le kí wọ́n má baà padà.

Lójú tèmi, ibi òwú ni ọgbọ́n náà ti jinlẹ̀ jù. Kò gé e kúrú. Ó fi í sílẹ̀ gbọọrọ, nítorí ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì jìn. Irú àwọn àrokò Ìjẹ̀bú báyìí wà lára èyí tí Ọ̀túnba Payne ti Èkó kó jọ, tí wọ́n sì tẹ àlàyé wọn jáde ní London lọ́dún 1887.

Ońṣẹ́ gbà á ní dídì, ó gbọ̀nà. Ẹni tó gbà á tú u, ó kà á, ó wo ojú wọn, ó fi òwú náà gba ọwọ́. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá jọ, ẹ̀jọ ni yóò sín padà. Ó ní kí wọ́n lọ bá òun mú owó ẹyọ wá láti inú ilé.