Agbára Àbínibí àti Ẹ̀kọ́ Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Bódìjà, Agbowó àti Challenge ní ìlú Ìbàdàn, irú ìtàn òkèèrè kan wà tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀. Ọmọ tí ẹgbẹ́ ń fojú tín-ín-rín wò yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olóògùn. Nígbà tó bá yá, yóò para dà di ìkookò, agbára tó ti fara sin sí i lára yóò sì sọ ọ́ di ọ̀gá. Àwọn mìíràn nínú wọn rò pé lítíréṣọ̀ Yorùbá kò ní irú rẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. D. O. Fágúnwà ti fún wa ní tiwa láti 1938, ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn òkèèrè yẹn parí sí ni tirẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìparadà. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-ògùn, ó sì lè di ẹran igbó. Ọkọ rẹ̀ tí í ṣe ọdẹ yìnbọn fún ẹran kan. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ló bá nínú ẹ̀jẹ̀, apá kan ènìyàn, apá kan ẹranko. Agbára ìkọ̀kọ̀ kò gba ẹlẹ́mìí là. Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn ńkọ́? Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kó má lọ sí Òkè Láńgbòdó, àdá ló fi pa á. Akíkanjú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ní olùkọ́. Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí, kò rí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún gbé ṣe.

Ìdí nìyí tí ilé Ìrágbèje fi ṣe pàtàkì. Ọjọ́ méje ni àwọn akọni yìí fi jókòó bí ọmọ ilé-ìwé níwájú àgbàlagbà kan. Kò kọ́ wọn ní ọfọ̀. Ìwà àti ọmọ títọ́ ló wà lára ohun tó bá wọn sọ. Àwọn kan ń sọ pé ìwàásù yìí ba adùn ìtàn jẹ́. A gbà pé ó gùn, ó sì lè sú ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò mú àlàáfíà wá sí ìlú ni ọba rán wọn lọ mú wá. Bí a bá yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò, kí ni wọ́n rìn lọ ṣe? Ó jọ pé Wálé Ògúnyẹmí, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, rí èyí. Eré tó fà yọ láti inú ìwé náà, èyí tí wọ́n ṣe ní FESTAC ní Èkó ní 1977, kò jẹ́ orúkọ igbó, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ orúkọ iwin. *Langbodo*, ibi ẹ̀kọ́, ni ó sọ ọ́.

Àwa olùkọ́ àti olùdánwò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka orúkọ iwin àti oògùn márùn-ún, ó lè gba máàkì pípé láìdé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje rárá. Ẹ jẹ́ kí a máa bi í ní ohun tí agbára kò lè ṣe nínú ìwé náà. Ọmọ tó bá dáhùn ìyẹn dáadáa ti ka Fágúnwà; yóò sì mọ ohun tí òun yóò bi ìtàn ìkookò.