Aṣọ Ìjà ACU: Ìránṣọ Tó Yege, Àwọ̀ Tó Kùnà

Ẹni tó rán ACU, aṣọ ìjà tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ lọ́dún 2005, mọ ìyà tó ń jẹ sójà. BDU tó wà ṣáájú rẹ̀ ní àpò mẹ́rin níwájú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀wù ayẹta lé e, ọwọ́ kò lè dé méjì ìsàlẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ méjì ìsàlẹ̀ yẹn kúrò, wọ́n gbé àpò lọ sí apá, lẹ́bàá èjìká. Ọrùn aṣọ náà ṣeé nà dúró, kí etí ẹ̀wù ayẹta má baà ha sójà lọ́rùn. Kódà, wọ́n rántí ibi tí yóò ki bírò bọ̀ lápá òsì. Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ nìyẹn.

Mi ò lè yin Velcro tí wọ́n fi ń pa àpò dé bẹ́ẹ̀. Bí eruku bá ti wọ̀ ọ́, kì í lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì fà á ya lóru, ariwo rẹ̀ lè tú àṣírí àwọn tó lúgọ. Bọ́tìnnì ni wọ́n padà fi sí àpò itan ṣòkòtò.

Àwọ̀ ló ba iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an. Wọ́n fẹ́ kí aṣọ kan ṣoṣo bá igbó, aṣálẹ̀ àti ìgboro mu, wọ́n wá po àwọ̀ yanrìn, eérú àti ewé tó ti ṣá pọ̀ ní onígun mẹ́rin kéékèèké, láìfi dúdú kankan sí i. Lókèèrè, gbogbo rẹ̀ a dàpọ̀, sójà a wá ràn yọ láàárín ewé. Dúdú tí wọ́n yọ yẹn ni ì bá ṣe bí òjìji, tí ì bá gé àwòrán ara èèyàn sí wẹ́wẹ́. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Aṣálẹ̀ Iraq kì í ṣe àfonífojì Afghanistan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Natick, ní Massachusetts, tó jáde lọ́dún 2009, fi hàn pé àwọn àwòṣe mìíràn fara pa mọ́ jù ú lọ. Lọ́dún 2010, aṣọ tó ní àwòṣe mìíràn, MultiCam, ni wọ́n ń fún àwọn tó ń lọ sí Afghanistan.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Ìdajì aṣọ náà jẹ́ nylon, tó máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ara. Wọ́n ní láti rán oríṣi mìíràn tí iná kì í tètè jó fún àwọn tó wà lójú ogun.

Ní tèmi, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti télọ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí àwọ̀ tí wọn kò dán wò tó ló jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ mìíràn jáde lọ́dún 2015, àtúnṣe díẹ̀ ni wọ́n ṣe sí bí wọ́n ṣe rán an. Àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ pátápátá.