Ìjàpá Àtijọ́, Ìjàpá Tuntun: Ta Ló Lẹ́gbẹ́?

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mú ewì wá, n kò sì mú ìwé ìtàn àròsọ wá. Òfin ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, òfin ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú mi ní kíláàsì rí yóò rántí pé mo máa ń sọ pé ìwé òfin náà ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ní ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ìjà tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kan bá ti kóra jọ pẹ́, wọ́n á pín sí méjì. Àwọn kan ní ọkọ̀ àtijọ́, wọ́n ń tún un ṣe tọ̀sán-tòru. Àwọn kejì ra ọkọ̀ tuntun tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn ti àkọ́kọ́ á ní, "Ẹ kì í ṣe ara wa." Àwọn ti ìkejì á ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa?"

Ẹ jẹ́ kí n fi Volkswagen bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn bí èmi tí kò mọ̀ ọ́n. Ìjàpá là ń pè é. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, kò ní rédíétọ̀ rárá. Ọ̀jọ́ ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen nílẹ̀ wa ní 1975. Jámánì fúnra rẹ̀ dáwọ́ Ìjàpá dúró ní 1978, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe é ní ilẹ̀ mìíràn. Puebla, ní Mẹ́síkò, ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá ti jáde ní oṣù keje ọdún 2003. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 21,529,464.

Ní 1998, ilé iṣẹ́ náà gbé òmíràn jáde, wọ́n sọ ọ́ ní New Beetle. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bíi ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, omi ló ń tù ú, orí ìpìlẹ̀ Golf ni wọ́n sì gbé e kà. Àwọn onílé àtijọ́ wò ó, wọ́n ní Golf tó wọ agbádá Ìjàpá ni. Títí di òní, àwọn àpéjọ Volkswagen kan wà nílẹ̀ òyìnbó tí ọkọ̀ tó bá ti ń lo omi kò ti lè wọlé.

Ohun tí àwọn tó ń bínú yìí kì í sábà sọ rèé: Puebla kan náà ni wọ́n ti ṣe New Beetle. Fún bí ọdún márùn-ún, àtijọ́ àti tuntun ń jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbátan, ta ni yóò wá sọ fún ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé kan pé àlejò ni?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú Mini àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Alec Issigonis ló ya àwòrán ti àkọ́kọ́, ó jáde ní 1959, wọ́n sì dá a dúró ní 2000. BMW, tí í ṣe ilé iṣẹ́ Jámánì, ló gbé tuntun jáde ní 2001. Tuntun náà tóbi ju àtijọ́ lọ dáadáa. Àwọn tó ní àtijọ́ wá ń pe tuntun ní "BINI", wọ́n mú B láti ara BMW, wọ́n fi ṣẹ̀sín. (Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá láti Ẹdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn. Wọn kò mọ̀ pé orúkọ ńlá ni wọ́n fi ń búni.) Ti Porsche kò yàtọ̀. Láti 1998 ni 911 ti kúrò nínú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú omi. Láti 2014 sì ni àpéjọ kan ti wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀, Luftgekühlt, túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Àwọn wọ̀nyẹn kò fi bò rárá: ara orúkọ àpéjọ wọn ni wọ́n kọ òfin wọn sí.

Ní tèmi, àwọn tó ń ta ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dá ìjà yìí sílẹ̀. Nínú New Beetle, wọ́n fi ìkòkò òdòdó kékeré kan sí iwájú awakọ̀, nítorí pé àwọn kan máa ń fi irú rẹ̀ sínú Ìjàpá láyé àtijọ́. Kí ni ìkòkò òdòdó ń ṣe nínú mọ́tò? Ìrántí ni wọ́n ń tà. Wọ́n ta ìrántí fún ẹni tí kò ní nǹkan kan láti rántí, wọ́n gba owó, wọ́n lọ. Àwọn méjì tó kù wá kojú ara wọn ní ìpàdé ẹgbẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo òfin fúnra rẹ̀. Ní 1934, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Vintage Sports-Car Club sílẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ ni, fún ọkọ̀ tó bá ti tó ọdún 5 ó kéré tán. Ẹ gbọ́ ná: ọdún 5! Ní Ìbàdàn níbí, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ọlọ́dún márùn-ún wọlé, àwọn ará àdúgbò á wá kí i kú oríire ọkọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fa ìlà sílẹ̀: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí 1930 tó parí ni ojúlówó tiwọn. Àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fàyè gbà lẹ́yìn ìyẹn, ìlà náà kò kúrò lójú kan mọ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí tálákà lè gbádùn ọkọ̀ tí olówó ti pa tì ti di ibi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ tí owó rẹ̀ lè kọ́ ilé.

Ìlà tó dúró sójú kan, ìlà tó ń rìn: ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò mọ èyí tí wọn yóò mú. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25 kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́. Ní 1998 wọ́n dá a dúró, wọ́n ní ó di èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1973 nìkan. Ní 2014 wọ́n tún yí i padà, wọ́n jẹ́ kó máa rìn, wọ́n ní 40 ọdún. Fún odidi ọdún mẹ́rìndínlógún, ọkọ̀ 1973 ń darúgbó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò lè di àgbà.

Ìwé tó tilẹ̀ mú mi jókòó kọ èyí ni ti FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966. Wọ́n sọ ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó kà á sí ọkọ̀ ìtàn. Kí ó ti pé ọdún 30 ó kéré tán. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ipò tó bá ìtàn mu. Kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń rìn lójoojúmọ́. Kí ó sì jẹ́ ara ogún ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àṣà wa.

Mo ka ìkẹta yẹn, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà mo yọjú sí títì Ọ̀rányàn. Nissan Micra ló kún ibẹ̀, wọ́n ń gbé èrò láti Bẹẹrẹ, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, ẹni mẹ́rin, ẹni márùn-ún, ẹrù nínú búùtù tí kò lè pa dé. Irú Micra yìí jáde ní 1992. Òun ni wọ́n fún ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù ní 1993, ọkọ̀ Jàpáànù àkọ́kọ́ tí yóò gba oyè náà. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bí ti ọjọ́ orí bá ni, wọ́n yege. Bí ti ogún àṣà bá ni, ẹ wá bi ará Ìbàdàn léèrè bóyá ìlú yìí ṣeé rò láìsí Micra. Ohun tó lé wọn jáde ni pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí Micra kan bá fẹ́ di àgbà lójú òfin yẹn, àfi kó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ bò ó nínú gáréèjì ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn tó ń gùn. Ta ló ní gáréèjì ní Ọ̀rányàn?

Ìkejì náà kò dáa lójú mi: ipò tó bá ìtàn mu. Ìtàn ta ni? Peugeot 504 jáde ní Faransé ní 1968, òun náà gba oyè Yúróòpù ní 1969. Ní 1983 Faransé ní ó tó, wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń to Peugeot láti 1975, wọ́n ṣì ń to 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èèyàn wa sì ń rà á ní tuntun, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nílé bàbá rẹ̀ ń ṣe ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ́dọ̀ wa. Ẹ sì wo orúkọ tí a fún àwọn àlòkù tó ń ti òkè òkun wọlé: Tòkúnbọ̀. Orúkọ ọmọ ni. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tó padà wá sílé là ń sọ bẹ́ẹ̀. Èdè wa kò ka ọjọ́ orí ọkọ̀ láti ọjọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ọjọ́ tó wọ agbo ilé ló ń kà. Kàlẹ́ńdà méjì ni, FIVA sì mọ ẹyọ kan.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, tó ti ń tún 504 ṣe láti ìgbà tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Pròf, ọkọ̀ tí kì í jáde, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá ẹni fi sílẹ̀ kú?" Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n tún ní ẹ kò gbọ́dọ̀ fi irin ọkọ̀ mìíràn sí i o." Ó ní, "Wọ́n á dẹ̀ wá máa bá wa wá ti Peugeot lọ sí Géètì nìyẹn."

Kí ẹ má rò pé ọ̀tá àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ni mí. Ohun kan wà lẹ́yìn ìbínú wọn tó jẹ́ òtítọ́, ó sì ká mi lára. Ẹni tó ń ṣe irin ọkọ̀, ibi tí èrò pọ̀ sí ló ń bá lọ. Bí ọlọ́kọ̀ tuntun bá pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìpàdé á yí sí ti wọn, owó ẹgbẹ́ á tẹ̀ lé e. Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, kò ní sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to kabúrétọ̀ mọ́. Ọ̀gá tí mo sọ yìí máa ń fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì kó tó mú sípánà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà kékeré ni wọ́n fẹ́ fi kan ọkọ̀ kí ó sọ ohun tó ń ṣe é. N kò bá wọn wí, nítorí ọkọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n etí ọ̀gá yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ohun tí mo wá rí sí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ni pé ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Wọ́n gba olówó tó ra Ìjàpá 1965 tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló tún un ṣe látòkè délẹ̀, tí òun kò fọwọ́ kan bóòtù kan. Wọ́n wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀dọ́ tó ní New Beetle, tó ń bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun. Àwọn ọlọ́kọ̀ tuntun náà ní tiwọn: wọ́n rò pé owó ẹgbẹ́ tí àwọn san ti tó, pé ẹni tó bá ti ra orúkọ ti ra ìtàn tó wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé lónìí, kó jókòó sí ibi tí ẹni òní ń jókòó.

Ní Ìbàdàn níbí, a kì í jẹ Olúbàdàn nítorí pé bàbá ẹni jẹ ẹ́. Mọ́gàjí lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń di Jagun, ó ń gòkè ní ìlà Ọ̀tún tàbí ti Balógun, ìgbésẹ̀ tó lé ní ogún. Kò sẹ́ni tó ń fo àtẹ̀gùn, kò sì sí ọdún kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kò lè débẹ̀ láéláé. (Ẹ má sọ fún mi pé àgbàlagbà kùjọ́kùjọ́ ló sábà ń dé òkè. Mo mọ̀. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé.) Ìlà tó ń rìn nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kan bá gbà á, Micra á ní ipò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, New Beetle á ní tirẹ̀, Ìjàpá á wà lókè. Ẹni tó fẹ́ gòkè á sì kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ hàn pé òun mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ní 2028, New Beetle àkọ́kọ́ yóò pé ọgbọ̀n ọdún. Àríyànjiyàn ọjọ́ orí á tán lọ́jọ́ yẹn, á ku ti omi àti afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ wà nínú irú ẹgbẹ́ báyìí, ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà òfin yín ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ wo ọdún tí ẹ kọ síbẹ̀, kí n sì mọ iye ọmọ ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ nígbà tó ń kọ ọ́.