«Pata Pata» ní etí Ìdáàṣà: orin kan àti iṣẹ́ tí a rán an

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, tún orin «Pata Pata» kọ fún UNICEF, àjọ tí ó ti ń ṣe aṣojú fún láti ọdún 2002. Miriam Makeba, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó sọ orin náà di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967. Ní èdè Xhosa, «pata pata» túmọ̀ sí «fọwọ́ kàn án, fọwọ́ kàn án». Orúkọ ijó ni. Kidjo yí ìtumọ̀ náà po: ó ní àkókò kòrónà kì í ṣe àkókò ìfọwọ́kàn, kí á máa fọ ọwọ́, kí á jókòó sílé.

Àwa kò ní sọ pé orin náà kò dùn. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: orin tí a fi ń fara kan ara ni ó sọ di orin ìtakété. Kò sì fi ikú dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà tí ìròyìn òkú gba gbogbo afẹ́fẹ́ rédíò, ó rọ ènìyàn láti máa jó nínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n orin ìlera kì í ṣe orin ìgbádùn nìkan. Iṣẹ́ ni a rán an. Ìbéèrè tí ó tọ́ sí lámèyítọ́ láti bi í ni pé: ǹjẹ́ ó jíṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí?

Ní Lèma níhìn-ín, láàárín àwọn òkè 41 Ìdáàṣà, èsì wa ni pé kò jẹ́ ẹ tán. Ẹ̀dà tí àwa gbọ́ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí àwọn ìyá wa kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí etí wọn lè dì mú nínú rẹ̀ ni «pata pata». Kí sì ni «pátápátá» ní èdè wa? A ní iṣu tán pátápátá, àìsàn lọ pátápátá: nǹkan pé, kò ṣẹ́ kù. Bí akọrin bá wá ń sọ pé kò sí «pata pata» mọ́, etí Yorùbá lè gbọ́ ọ pé: ẹ má ṣe é tán, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ibi tí ọgbọ́n orin náà wà gan-an ni ọ̀nà ti dí fún wa.

Àléébù yìí kì í ṣe ti Kidjo nìkan. Ní 16 oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba Benin kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó kó àrùn náà. Ní ìparí oṣù kan náà, wọ́n ti ilé-ìwé, wọ́n sì fi ààlà ìlera yí Cotonou, Porto-Novo, Ouidah àti àwọn ìlú itòsí wọn ká. Ìdáàṣà wà lẹ́yìn ààlà náà. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹrin tó parí, ìbomú di dandan ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fi kó gbogbo ìlànà wọ̀nyí jọ: «gestes barrières».

Ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí ó pẹ́ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí ni «barrière» lójú awakọ̀ àti oníṣòwò? Igi tí a fi dábùú ọ̀nà ni, níbi tí ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè dúró sí. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ wọn ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n fa ìbomú sókè nígbà tí wọ́n rí ọlọ́pàá, wọ́n fà á wá sí àgbọ̀n nígbà tí wọ́n kọjá rẹ̀. A pè wọ́n ní aláìgbọràn. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a sọ fún wọn gan-an ni wọ́n gbọ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ «ìbomú» fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: imú ni kí ó bò. Ìyá tí kò mọ̀wé lè fi orúkọ yìí bá ọmọ rẹ̀ wí, kí ọmọ náà má sì rí èsì fọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkíni. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kọ́ ni ìpìlẹ̀ ìkíni Yorùbá. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ni, a sì ń ṣe wọ́n láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Orin tí ó bá ní kí á kúnlẹ̀ kí àgbà, kí á má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò ní dà bí òfin tuntun létí wa. Yóò dà bí ìrántí.

Àwọn àgbà mọ agbára ọ̀rọ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ìtàn tí a ń sọ ní Abomey ni pé láti Ìdáàṣà ni Sakpata, ẹni tí Yorùbá ń pè ní Ṣànpọ̀nná, ti dé ọ̀dọ̀ wọn. A kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Olóde ni a ń pè é, tàbí Ilẹ̀-gbígbóná. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ilẹ̀ gbóná ní agbo ilé kan kò ní yà síbẹ̀. Àwa kò sọ pé àdàpè ni ó ṣẹ́gun àrùn ìgbóná. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọdún 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìkìlọ̀ yẹn wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, kò sì dúró de ọlọ́pàá.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé orin àgbáyé ni ti Kidjo, pé orin kan kò lè sọ gbogbo èdè. Òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti fi Fọ̀n àti Yorùbá kọrin fún àìmọye ènìyàn tí kò gbọ́ èdè méjèèjì, wọ́n sì jó. Ẹwà lè rìnrìn àjò láìsí ògbufọ̀. Ìkìlọ̀ kò lè rìn bẹ́ẹ̀. Orin náà kò tilẹ̀ bá wa dé ibi tí ìlànà ti nira jù fún wa, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ òkú: báwo ni ẹbí yóò ṣe sin bàbá wọn láìpe ìlú jọ, kí ojú má sì tì wọ́n? Ìbéèrè yẹn ni ìlú ń retí ohùn kan lórí rẹ̀.

Àrùn mìíràn yóò dé. Ní ọdún 2016, ibà Lassa pa ènìyàn ní Tchaourou, tí kò jìnnà sí wa púpọ̀. Kí ìkìlọ̀ tó tún jáde, kí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olórin wa àti àwọn ìyá ọlọ́jà jókòó pọ̀, kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e. Iye ènìyàn tí ó wo orin kan kọ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ìyá arúgbó ní Lèma lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó sì yé ọmọ náà.