Ère Gíríìkì, Orí Ifẹ̀, àti Ilé Méjì ní Oxford

Ilé méjì tí Yunifásítì Oxford ń tọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Ilé-Ogbó níhìn-ín, nítorí Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, wà nínú rẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ ni Ashmolean, tí a ṣí ní ọdún 1683. Níbẹ̀ ni ère òkúta àti ìkòkò àwọn Gíríìkì àti ará Róòmù àtijọ́ wà, tí a sì ń pè wọ́n ní iṣẹ́ ọnà. Ilé kejì ni Pitt Rivers, tí a dá sílẹ̀ ní 1884. Níbẹ̀ ni a kó ọ̀pọ̀ ohun Yorùbá sí, àti ti Ìbíní tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. A kò tò wọ́n ní ìlú-ìlú bí kò ṣe ní irú-irú: ìbòjú pẹ̀lú ìbòjú, ìlù pẹ̀lú ìlù. Èrò ẹni tí ó kọ́kọ́ kó irú nǹkan wọ̀nyí jọ ni láti fi hàn bí ọwọ́ ènìyàn ti ń gòkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

Àwa kò ní bú ètò náà lábùúkù, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Ẹjọ́ wa ni pé ògiri tí ó pààlà sáàárín ilé méjèèjì ti dá ẹjọ́ kí ẹni tí ń wòran tó la ojú. Ní ibì kan a ń wá ọwọ́ oníṣẹ́. Ní ibì kejì a ń wá àṣà ìlú lásán.

Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó mú Leo Frobenius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣìnà nígbà tí ó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí Orí Olókun, ẹwà rẹ̀ sì yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni ó mú ọnà náà dé etí òkun wa, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun wọn, ni Olókun. Ó rò pé òun ń yin iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ tún hú irú orí bẹ́ẹ̀ ju 10 lọ. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ni ó dà wọ́n, láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500, nígbà tí Gíríìsì àtijọ́ ti di ìtàn tipẹ́tipẹ́.

Bí a bá fẹ́ fi wọ́n wéra, ọwọ́ ni kí a wò, kí a má wo ìran. Àwọn méjèèjì ń fi ìda ṣe àwòrán, wọ́n ń fi amọ̀ bò ó, wọ́n ń fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n sì ń da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbòjú Ọbalùfọ̀n ti Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, èyí tí kì í ṣàn wọ inú amọ̀ bí idẹ ti í ṣàn. Ẹni tí ó dà á mọ iṣẹ́ dé ojú àmì. Bákan náà, òkúta Gíríìkì tí a ń yìn fún ìfunfun ti ní ọ̀dà lára rí, àmì ọ̀dà pupa àti dúdú sì wà lára àwọn orí Ifẹ̀ kan.

Ola Rotimi ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ní 1968, ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé eré The Gods Are Not to Blame jáde. Ìtàn Oedipus tí Sophocles ará Gíríìsì kọ ni, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ Yorùbá fún un. Kò pe Gíríìkì ní baba wa, kò sì ti ìtàn wọn síta. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ń fẹ́ ní àwọn yunifásítì wa. Oxford ní iyàrá tí ó kún fún ẹ̀dà ère Gíríìkì tí a fi ẹfun ṣe láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí a ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, kí a tò wọ́n sí iyàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀dà orí Ifẹ̀, kí a sì kọ ìlú, ọdún àti ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀, láìsí àtẹ̀gùn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Frobenius dé oko baba wa, ó sì ní baba òun ni ó ro ó. Kí àwọn ọmọ Ilé-Ogbó rí oko méjèèjì, kí wọ́n sì mọ ẹni tí ó ro ọ̀kọ̀ọ̀kan.