Ta Ni Ìkà Inú Ẹfúnṣetán Aníwúrà?

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ka ìwé Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì pé kó dárúkọ ìkà kan, kò níí ronú lẹ́ẹ̀mejì, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni yóò pè. Kò níí pe Àgbákò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú mẹ́rìndínlógún ni Fágúnwà fún Àgbákò nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938)! Àmọ́ nínú gbogbo ojú wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ò sunkún rí. Àgbákò kàn burú ni. Àkàrà-Ògùn bá a jà, ìtàn ń bá tiẹ̀ lọ.

Ẹfúnṣetán tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970 ni ìwé náà jáde) kì í ṣe irú ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní, ibi ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ọgbẹ́ ọkàn yẹn ló di òfin nílé rẹ̀: ẹrúbìnrin tó bá lóyún, pípa ni. Ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe fi wá síbi tó le. A ti ń bá ìyá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn ná, ni Adétutù bá lóyún. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, Ìyálóde kọ̀ jálẹ̀. Ẹkún tí a fẹ́ bá a sun wá gan sí wa lọ́fun. Tèmi o, n ò tíì rí òǹkọ̀wé eré onítàn mìíràn ní èdè wa tó ṣe é tó báyìí.

Ibi tí eré náà parí sí ni mo ti ní ẹjọ́. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wọlé bí olùgbàlà, Ẹfúnṣetán gbé májèlé jẹ, òǹwòran pàtẹ́wọ́. Ó tán. Ẹ wá ṣí ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tó jáde ní 1921. Látòósà fúnra rẹ̀ ló ka ẹ̀sùn sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́, kò wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1874. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi owó fa ojú Kúmúyìlò, ọmọ tí obìnrin náà gbà tọ́, mọ́ra, ẹrú méjì sì wọlé pa á lóru. Májèlé dà níbẹ̀? Bọ́láńlé Awẹ, onímọ̀ ìtàn, tilẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn olórí ogun máa ń gba ohun ìjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbèsè sì pọ̀ lọ́rùn wọn.

Ẹ óò ní eré ni, kì í ṣe ìwé ìtàn. Mo gbà, òǹkọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti yí i padà. Ohun tí ìyípadà náà gbà lọ́wọ́ eré gan-an ló ń dùn mí. Kété tí Látòósà di olódodo, ẹnì kan ṣoṣo ló wá ru gbogbo ìkà Ìbàdàn, ìlú tí àwọn ìjòyè ti ń kó ẹrú bọ̀ láti ojú ogun lọ́dọọdún! Eré náà ò mú wa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹrú Látòósà rárá.

Bí ẹgbẹ́ wa bá máa gbé e sórí ìtàgé, kí ẹni tó máa ṣe Látòósà jọ̀ọ́ má wulẹ̀ gbé àyà síwájú bí áńgẹ́lì. Kó wọlé bí ẹni tó jẹ ìyá náà lówó.